Kí Àwọn Gíwá Fásitì Wá Ròyìn Àṣeyọrí Wọn Fún Ará Ìlú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi nínú ìwé ìròyìn yín, kí n lè sọ èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn gíwá fásitì máa ń sọ níbi ayẹyẹ ìgboyèjáde, nígbà tí wọ́n bá dìde láti ka àwọn àṣeyọrí ilé-ẹ̀kọ́ wọn sétí ìgbọ́ àwọn òbí, àwọn ọba, àwọn aṣojú ìjọba àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì tún jẹ́ òbí, mo ti jókòó síbi púpọ̀ nínú irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀, inú mi sì máa ń dùn. Gíwá yóò sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gboyè àti iye tí ó wà ní ipò kìíní nínú wọn. Yóò dárúkọ àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tí ó ń bójú tó àwọn fásitì, ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí, àwọn ilé tuntun tí wọ́n fi owó TETFund, àjọ ìjọba tí ó ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, kọ́, àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó gba owó ìwádìí láti òkè òkun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí oòrùn ti mú, tí àwọn òbí sì ti ń nàgà láti rí ibi tí ọmọ wọn jókòó sí, ni gbólóhùn kan tàbí méjì yóò tó wá jáde pé àjọṣe fásitì pẹ̀lú àwọn ará ìlú dán mọ́rán. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú lẹ́tà yìí ni pé kí gbólóhùn tí ó ń kẹ́yìn yìí bọ́ síwájú, kí ó sì kúrò ní gbólóhùn lásán, kí ó di ìròyìn kíkún tí gíwá yóò wá jẹ́ fún ará ìlú ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fojú kéré àwọn àṣeyọrí yòókù. Gbogbo wa ni a rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, tí wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Odidi oṣù mẹ́jọ ni àwọn ọmọ wa fi jókòó sílé. Gíwá tí ó bá kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ la ìyanṣẹ́lódì kọjá, tí ó kó wọn la àìsí iná àti àìtó owó kọjá, tí ó sì wá rí wọn nínú aṣọ oyè lọ́jọ́ ayẹyẹ, ó tó kí ó yọ̀, ó sì tó kí á bá a yọ̀. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ni ó ń ka iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé iṣẹ́ tí ó tóbi jùlọ tí àwọn fásitì wa ti ṣe láàárín wa, àwọn fúnra wọn kì í kà á.

Ẹ jẹ́ kí á wo agbègbè Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí Igbó-Ọrà wà. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera kan sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, kí àwọn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà má baà jẹ́ ẹni tí ó mọ kìkì inú UCH, ilé ìwòsàn ńlá fásitì náà ní Ìbàdàn, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé, láti inú omi, àti láti inú oúnjẹ. Nígbà tí ó yá, ìlú Ìdèrè tí ó wà nítòsí ibẹ̀ di ibi tí àwọn olùwádìí ti ń bá sòbìà jà.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní lè má mọ ohun tí sòbìà jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ènìyàn yóò mu omi odò tàbí adágún tí kòkòrò wínníwínní wà nínú rẹ̀, kò sì ní mọ nǹkan kan lára fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò wú, yóò lé ròrò, yóò bẹ́, aràn funfun tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí ó sì lè gùn tó mítà kan, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí síta. Kò ṣeé fà yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí bí ó bá já sínú ẹran ara, ìrora tí yóò tẹ̀ lé e ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣe ni wọ́n máa ń wé e mọ́ igi pẹlẹbẹ kékeré kan, tí wọn yóò máa yí i ní díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, títí tí yóò fi jáde tán. Bàbá tí ó ní oko kò ní lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ìyá tí ó ń lọ sí ọjà kò ní lè dìde, ọmọ iléèwé yóò sì jókòó sílé. Oko ń dúró de olóko, ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ. Ìlú lódindi lè tibẹ̀ di aláìní.

Àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn kò kàn jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n máa kọ ìwé nípa àìsàn yìí. Wọ́n wá sí Ìdèrè, wọ́n bá àwọn àgbà ibẹ̀ jókòó, wọ́n tẹ́tí sí ohun tí àwọn ará ìlú fúnra wọn gbà pé ó ń fa sòbìà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ bíbí ìlú láti máa tọ́jú ẹni tí ó ń ṣàìsàn àti láti máa la àwọn aládùúgbò wọn lọ́yẹ̀, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé kí ènìyàn fi aṣọ sẹ́ omi kí ó tó mu ún. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá ka àwọn tí sòbìà ń bá jà káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, iye wọn lé ní 650,000. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó pa á pọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọwọ́ fásitì kan ṣoṣo: ìjọba wà níbẹ̀, àwọn àjọ àgbáyé wà níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará abúlé tí ó finú fíndọ̀ ṣiṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ní Ìdèrè wà lára ohun tí a fi ṣẹ́gun. Bí èmi bá jẹ́ gíwá fásitì yẹn, tí a bá ti pé jọ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá tí wọ́n máa ń ṣe ìrántí ìdásílẹ̀ fásitì náà lọ́dọọdún, n kò ní dárúkọ ilé kankan kí n tó dárúkọ Ìdèrè.

Ohun kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ Ìbàràpá yìí tí ó yẹ kí gbogbo gíwá fi sọ́kàn. Ètò náà kò bá ẹni tí ó dá a sílẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n so ó mọ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní láti lọ gbé ní Igbó-Ọrà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí ó máa ti ojúlé dé ojúlé, kí ó máa béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ pé mélòó ni ó bí, mélòó ni ó kù, níbo ni ó ti ń pọn omi, àti pé bí ọmọ bá gbóná lóru, ta ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ bá. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé inú rere gíwá kan. Yunifásítì Ìlọrin náà ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rẹ̀ lọ gbé láàárín àwọn ará ìlú àti abúlé láti ìparí àwọn ọdún 1970, apá kan ẹ̀kọ́ wọn ni. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ní tirẹ̀ ka gbígbé ìmọ̀ lọ bá àgbẹ̀ lóko mọ́ iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, pẹ̀lú ìkọ́ni àti ìwádìí.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí òfin tí ó wà nílẹ̀ láti ọdún 2003 sọ pé ọdún márùn-ún péré ni gíwá fásitì ìjọba àpapọ̀ ní, kò sì sí ìgbà kejì fún un. Òfin náà dára ní ọ̀nà púpọ̀. Ṣùgbọ́n a ti rí i tí gíwá kan bẹ̀rẹ̀ ètò kan pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ tàbí pẹ̀lú àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó yí fásitì ká, tí ètò náà ń lọ geere, tí àwọn ènìyàn sì ti ń gbójú lé e, tí ó wá jẹ́ pé ọjọ́ tí gíwá náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ilé ìjọba ni mọ́tò tí ó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sí abúlé dáwọ́ dúró. Àwọn ará ìlú kò mọ ọ̀rọ̀ òfin ọdún márùn-ún. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé fásitì wá, ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kò sì padà wá mọ́, bí ẹlòmíràn bá sì tún wá lọ́la, wọn kò ní ṣílẹ̀kùn fún un tọkàntọkàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò pé iṣẹ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà nísàlẹ̀ ni èyí, pé kò kan gíwá fúnra rẹ̀, kí onítọ̀hún rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò. Kí ó tó di ọ̀gá ní fásitì, dókítà ni ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Àrò, ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1954, ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí wọn kan bá wọn wá láti máa se oúnjẹ fún wọn, kí wọ́n máa jáde láàárọ̀ lọ gba ìtọ́jú kí wọ́n sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé ṣì ń ti irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́lé, àwọn ará abúlé Àrò ń bá wọn jẹun, wọ́n ń bá wọn ṣeré, wọ́n ń bá wọn ṣọdún. Lámbò tún fi àyè sílẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lára wọn. Ẹni yìí ni ó wá di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, kí ó tó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1971. Ó ti mọ iyì ará abúlé kí ó tó jókòó sórí àga gíwá. Irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ tí ó ń yan gíwá máa wá lára ẹni tí ó bá ń du ipò náà: ìlú wo ni ó lè jẹ́rìí rẹ̀?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èdè, èyí tí ó jẹ mí lógún jùlọ. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ti di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá ni aṣáájú ìwádìí náà. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì àti ní ìmọ̀ nípa àwùjọ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, wọ́n ní láti wá orúkọ fún ohun tí kò tíì ní orúkọ nínú ìwé wa, wọ́n sì ní láti tún àwọn olùkọ́ kọ́. Nígbà tí wọ́n wá gbé àwọn ọmọ wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ káàkiri àgbáyé ń tọ́ka sí ìwádìí náà.

Mo fẹ́ kí ẹ ro ipa àwọn òbí tí ó wà ní Mọdákẹ́kẹ́ nígbà náà. Gbogbo ayé ló ń pariwo pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ ènìyàn di ènìyàn, síbẹ̀ wọ́n gbà kí fásitì fi Yorùbá kọ́ ọmọ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìgboyà ńlá ni. Ìgbẹ́kẹ̀lé ńlá ni pẹ̀lú. Wọ́n tọ́ sí ìyìn bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí orúkọ wọn wà lára ìwé ṣe tọ́ sí i.

Nítorí náà, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ní ọjọ́ ayẹyẹ, gíwá tí ó jókòó sí àárín ilẹ̀ Yorùbá yóò sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, láìsí ògbifọ̀. Ní ayẹyẹ kan tí mo lọ, ìyá kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ó gbé ìwé ètò lé orí itan, ó sì ń wo ẹnu àwọn tí ó yí i ká kí ó lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń gba oyè lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé gíwá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àwọn olùkọ́ kan ti rí ọ̀nà tí gbágùúdá kò fi ní máa tètè bàjẹ́ lẹ́yìn tí a bá wú u, ó yíjú sí mi wàràwàrà, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ gbọ́, ṣé gbágùúdá lẹ wí? Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ni?" Gàrí ni ó ń tà. Òun gan-an ni ìwádìí náà wà fún, òun gan-an ni kò sì gbọ́.

Àbá mi kò le. Kí gíwá kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ kan ṣáájú ayẹyẹ ìgboyèjáde, kí ó wá sí gbọ̀ngàn ìlú tàbí ààfin, kí àwọn ìyálọ́jà, àwọn àgbẹ̀, àwọn lánlọ́ọ̀dù, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jókòó, kí ó sì ròyìn fún wọn ní èdè Yorùbá. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn, nítorí fásitì gbogbo Nàìjíríà ni. Ẹ̀ka èdè Yorùbá wà nínú ọgbà rẹ̀, kí wọ́n fún un ní ògbifọ̀. Kí ó sọ ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún náà tí ó kan ará ìlú, kí ó sọ èyí tí wọ́n ṣèlérí tí wọn kò tíì ṣe, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn béèrè ìbéèrè. Mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn ọdọọdún wà tí fásitì máa ń tẹ̀ jáde. Ìwé náà nípọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ́fíìsì ni ó sì máa ń wà.

Àwa ará ìlú náà ní tiwa láti sọ ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìdúpẹ́ nìkan. Àwọn bàbá wa ni ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ tí a fi kọ́ fásitì ní Ìbàdàn àti ní Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibi ni ó wà lónìí tí àwọn kan ti ń gé ilẹ̀ fásitì tà lẹ́yìn, tí a sì ń wò wọ́n níran. Àwọn lánlọ́ọ̀dù wa mìíràn a máa fi owó ilé kún owó ilé lọ́dọọdún lórí ọmọ tí kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́, nínú yàrá tí òjò ń jò sí. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022 dé ni ojú wa tó là sí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó ń bọ́ ọjà wa: àwọn tí ó ń ta oúnjẹ ní ẹnu géètì kó ìkòkò wọlé, àwọn tí ó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọlọ́kadà sì ń jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀ títí di alẹ́. Bí gíwá bá wá ròyìn fún wa, ó yẹ kí àwa náà lè sọ fún un pé a ti pàdé lórí owó ilé, a ti fẹnu kò, iye tí a fẹnu kò sí nìyí.

Olóòtú, iṣẹ́ kan wà fún ẹ̀yin náà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àsìkò ayẹyẹ ìgboyèjáde, àwọn ìwé ìròyìn máa ń kún fún fọ́tò àwọn tí ó gba oyè àyẹ́sí, èyí sì dára. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí àwọn gíwá fásitì ilẹ̀ Yorùbá, ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni, pé kí olúkúlùkù fi ìròyìn iṣẹ́ tí fásitì rẹ̀ ṣe fún ìlú tí ó wà ránṣẹ́ ní èdè Yorùbá. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó ti rí, kí ẹ sì tún fi àyè sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì fún àwọn ará ìlú náà láti fèsì. Bí ẹ bá nílò ẹni tí yóò bá yín ka àwọn ìròyìn náà kí wọ́n tó jáde, kí àmì ohùn àti àkọtọ́ lè pé, ọ̀pọ̀ olùkọ́ Yorùbá tí ó ti fẹ̀yìn tì ni yóò fẹ́ ṣe é láìgba kọ́bọ̀, èmi náà sì wà lára wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.